Omi Ṣáwà Tó Ń Gbóná Lójijì: Ẹjọ́ Hítà Kọ́

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan fi ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi: kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí omi ṣáwà bá rẹ̀wẹ̀sì gan-an ló máa ń gbóná jù? Lójú tèmi, ohun tó bá ń dín kù, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ jọ dín kù ni. Ṣùgbọ́n ní balùwẹ̀ wa, bí omi ṣe ń tín-ín-rín sí i ló ń jóni sí i. Tó bá tún ṣe díẹ̀, á tutù wá bí ẹni pé wọ́n pa hítà. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á nawọ́ yí ọwọ́ ṣáwà. Kó tó yí i tán, omi ti tún ìwà rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, yíyí tó yí i á wá di àṣejù sí òdìkejì.

Kálukú ló ní àlàyé tirẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní hítà ti gbó. Àbúrò mi ní orí ṣáwà ló dí. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló fà á, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí iná dúró digbí náà ni omi ń ṣe é. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sórí pé ká ra hítà tuntun.

“Ta ló fa omi yẹn?”

Ilé tí omi rẹ̀ bá rí báyìí máa ń ní òfin tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Tiwa ni pé bí ẹnìkan bá ń wẹ̀, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹni tó bá sì fẹ́ fọ abọ́, kó kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó bá rú òfin yìí á gbọ́ igbe láti inú balùwẹ̀: “Ta ló fa omi yẹn?” Ẹni tó fà á á dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ọmọdé á jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí, wọn ò lè fa omi, wọn ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n jáde, wọ́n á máa retí kí ẹni tó ń wẹ̀ wẹ̀ tán. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nísinsìnyí ni pé a gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. A mọ̀ dájú pé fífa omi níhìn-ín ló ń jóni lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n a ò bi ara wa léèrè ibi tí ìyà yẹn ń gbà kọjá. Ènìyàn la ń dá lẹ́jọ́.

Rọ́bà tó gba ojú fèrèsé jáde

Púlọ́ńbà tó wá wò ó, bàbá àgbàlagbà kan ni, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Mo ní kí wọ́n bá wa wo hítà. Wọn ò tilẹ̀ yà síbẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, níbo ni táǹkì yín wà?” Mo mú wọn jáde, wọ́n gbójú sókè wo táǹkì, wọ́n wo fèrèsé balùwẹ̀, wọ́n tún wo táǹkì. Wọ́n ní láti ojú omi inú táǹkì yẹn títí dé orí ṣáwà wa, bóyá ni yóò pé mítà 2. “Gbogbo agbára tẹ́ ẹ ní náà nìyẹn. Òun náà lẹ fi ń fọ abọ́, òun náà lẹ fi ń fọṣọ.”

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí. Omi tó ń ti orí táǹkì wá, gíga rẹ̀ nìkan ni agbára rẹ̀. Mítà kan gíga ń fúnni ní nǹkan bíi 0.1 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi), ó sì gbà tó mítà 10 kó tó di bar kan. Bí táǹkì ṣe tóbi tó ò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá: táǹkì ràgàjì àti garawa kan, bí ojú omi wọn bá jọ wà lókè kan náà, agbára kan náà ni wọ́n ní nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣáwà tó wà lórí àtẹ ni wọ́n sì ṣe pẹ̀lú èrò pé omi ilé tó bar kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa ò ju 0.2 lọ.

Lẹ́yìn náà ni bàbá ṣe ohun tí mi ò rí rí. Wọ́n tú ibi tí páìpù omi tútù ti wọ ṣáwà, wọ́n fi ìsopọ̀ oníhò mẹ́ta síbẹ̀, wọ́n sì so rọ́bà gígùn kan tó mọ́ gaara mọ́ ihò kẹta. Wọ́n gba ojú fèrèsé yọ rọ́bà náà síta, wọ́n gbé e lé àkàbà, wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ara ògiri lápá òkè, ó ga ju ojú omi táǹkì lọ. Wọ́n wá ní kí n ṣí omi padà. Omi gun rọ́bà náà, ó lọ sókè, ó padà díẹ̀, ó tún lọ, ó wá dúró wámúwámú lọ́gbọọgba pẹ̀lú ojú omi inú táǹkì. Wọ́n lẹ téèpù dúdú mọ́ ibẹ̀.

Wọ́n ní kí n lọ dúró sínú balùwẹ̀, kí n ṣí ṣáwà bí mo ṣe ń ṣí i tí mo bá fẹ́ wẹ̀, kí n sì fi ọwọ́ mi sábẹ́ rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó dára. Bàbá ń sọ ohun tí wọ́n rí láti orí àkàbà: omi inú rọ́bà ti sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró síbi tuntun. Wọ́n lẹ téèpù kejì. Èyí ò yà mí lẹ́nu. Omi tó bá ń ṣàn nínú páìpù, ó di dandan kó ná díẹ̀ lára agbára rẹ̀ sójú ọ̀nà.

“Ẹ ní kí wọ́n fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀.”

Mo ké sí àbúrò mi, ó fà á. A gbọ́ tí omi ya wàá. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, nítorí omi tó ti wà nínú agbada ẹ̀yìn ìjókòó ló kọ́kọ́ tú jáde. Ìgbà tí fáàfù kékeré inú rẹ̀ wá ṣí láti fa omi mìíràn ni mo gbọ́ ohùn bàbá: “Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ o.” Mo gbójú sí fèrèsé. Láti òkè, láti ibi tí ojú mi ò ká tẹ́lẹ̀, omi inú rọ́bà yọ sí mi, ó ń sọ̀kalẹ̀ lára rọ́bà bí mo ṣe ń wò ó, ó kọjá orí fèrèsé, ó ń bọ̀ níbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orí ṣáwà lọ mọ́. Mo rí i kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Ojú mi ti mọ̀ pé omi tútù ti ń sá lọ, kí omi gbígbóná tó dé bá mi lọ́wọ́, tí mo fi já ọwọ́ gbà.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, agbada kún, fáàfù pa dé, omi inú rọ́bà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè padà. Ooru lọ. Ọwọ́ ṣáwà ò kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan hítà.

Bàbá tú rọ́bà, wọ́n gbé e sọ́dọ̀ páìpù omi gbígbóná, wọ́n ní kí a tún un ṣe. Àbúrò mi fa omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi inú rọ́bà kàn mì díẹ̀, ó sì dúró. Páìpù tó ń bọ́ hítà ti ihò tirẹ̀ jáde lára táǹkì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í sì í lo omi gbígbóná. “Ṣé ẹ rí i,” ni bàbá wí, “kò sóhun tó ṣe omi gbígbóná yín. Omi tútù ló fi í sílẹ̀ lọ.” Wọ́n wá ní kí ẹnìkan ṣí omi gbígbóná nílé ìdáná. Lọ́tẹ̀ yìí, omi gbígbóná ló wálẹ̀ nínú rọ́bà, ṣáwà sì tutù nini.

Mẹ́ta gbígbóná, mẹ́rin tútù

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó ti ìwé àti bírò. Ká ní omi gbígbóná tó ń dé ṣáwà jẹ́ 60°C, omi tútù sì jẹ́ 25°C. Bí lítà 3 gbígbóná bá pàdé lítà 4 tútù láàárín ìṣẹ́jú kan, àpòpọ̀ wọn jẹ́ 40°C géérégé, omi tí ara ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí omi tútù wá dín kù sí lítà 2, kí gbígbóná dúró lórí 3: àpòpọ̀ di 46°C. Bó bá dín sí lítà 1, ó ti lé ní 51°C. Ìdáhùn sí ìbéèrè tó ń jà lọ́kàn mi nìyẹn. Gbogbo omi tó ń jáde ti dín láti lítà 7 sí 4, síbẹ̀ ó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló dín. Ní ti gidi, ó máa ń burú ju ìṣirò mi lọ díẹ̀, torí bí omi tútù bá ṣe ń yẹ̀ lọ́nà, omi gbígbóná ń ráàyè sáré sí i.

Kí ló wá dé tí èyí kì í ṣẹlẹ̀ nílé tí omi ti lágbára? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀ náà, wọ́n sì ń fa omi. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tó ṣẹ́ kù. Láti téèpù kejì títí dé ibi tí omi sọ̀kalẹ̀ dé nínú rọ́bà wa tó mítà kan lé díẹ̀, ká pè é ní 0.12 bar. Lára 0.16 bar tí a ní lórí ṣáwà, ìdá kan péré ló kù nínú mẹ́rin: 0.04. Ṣíṣàn omi kì í sì í bá agbára rẹ̀ rìn ní déédéé. Bí agbára bá di ìdá kan nínú mẹ́rin, omi tó ń ṣàn á di ìdajì. Ilé tó ní bar 3, bí páìpù rẹ̀ bá pàdánù 0.12 kan náà, ó ṣì ku 2.88. Omi tó ń ṣàn ò ní dín tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, awọ ara ò sì ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí. Fífa omi kan náà, ọmọ kan náà, ní ilé méjì. Nínú ọ̀kan, ó di ẹ̀ṣẹ̀. Nínú èkejì, kò sẹ́ni tó gbọ́. A sọ pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ò ju òkò kankan. Mo ti ń wo ilé iṣẹ́, mo ń wo ìdílé, mo ń wo bí ènìyàn ṣe ń bá ara wọn jà lórí ohun tí kò tó, mo sì ń rí ọ̀pọ̀ òfin tí kò yàtọ̀ sí tiwa: ẹni tó lo ohun tó yẹ kó lò la ń bá wí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó la páìpù yẹn ò ṣírò pé ènìyàn méjì lè fẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi ò dùn sí i bí mo bá rántí iye ìgbà tí wọ́n ti jágbe mọ́ ọmọdé lórí èyí.

Bó bá jẹ́ hítà ojú ẹsẹ̀ ni

Tiwa ni hítà tó ń kó omi gbígbóná pamọ́ sínú. Àwọn tó ń lo irú èyí tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀, tí omi ń gbà inú rẹ̀ kọjá, ní wàhálà tiwọn, ó sì tún takókó ju tiwa lọ. Hítà oníná 7 kW ń fi ooru kan náà fún omi yálà omi pọ̀ tàbí ó kéré. Bí lítà 4 bá ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n 25 kún un. Omi 20°C á di 45°C. Bí agbára omi bá já, tí ó di lítà 2, ìwọ̀n 50 ni yóò fi kún un, omi kan náà á sì fẹ́ di 70°C. Hítà tó bá ní ọgbọ́n lórí á pa ara rẹ̀ kó tó dé bẹ̀, omi tútù á sì tẹ̀ lé e.

Onígáàsì ní tirẹ̀ kì í tilẹ̀ í tàn bí omi ò bá ṣàn tó. Púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ tó lítà 2 sí 3 ní ìṣẹ́jú kan kí iná wọn tó gbà. Ibi tó ti wá ń pani lẹ́rìn-ín, bí kò bá tíì jóni, ni pé ẹni tó bá rí i pé omi gbóná jù, tó wá dín ẹ̀gbẹ́ gbígbóná kù lára ṣáwà, ó ti dín omi tó ń gba inú hítà kọjá kù nìyẹn. Hítà á tún gbóná sí i, tàbí kó kú pátápátá. Pẹ̀lú irú hítà bẹ́ẹ̀, ó sàn kí á dín ooru kù lára hítà fúnra rẹ̀, kí á sì ṣí ẹ̀gbẹ́ gbígbóná dáadáa.

Ohun tí a ṣe

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, nítorí náà hítà tuntun ti kúrò nílẹ̀. Ibi tí omi ti ń há la kọ́kọ́ wá. Bàbá tú orí ṣáwà: ìdí rẹ̀ ti ní èérún funfun líle tó di ihò mélòó kan pa, a rì í sínú fínígà di ọjọ́ kejì. Wọ́n tú asẹ́ kékeré tó wà níbi tí omi tútù ti ń wọ míkísà, ibi tí tútù àti gbígbóná ti ń pò pọ̀ lára ṣáwà; iyanrìn àti ìpẹtà kún un. Èyí tó jọ mí lójú jù ni fáàfù kan lójú ọ̀nà táǹkì. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí dáadáa, ẹnikẹ́ni á sọ pé ó ti ṣí tán, àṣé irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ti já kúrò lára ọ̀pá, ó dúró gbọnyin sí àárín ọ̀nà, ìdajì omi ló ń kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí tirẹ̀ wà kò nílò rọ́bà gígùn. Kó gbé garawa lítà 10 sábẹ́ ṣáwà, kó fi aago wò ó. Kó ṣe omi tútù nìkan, kó ṣe gbígbóná nìkan, kó wá tún ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹnìkan ń lo omi níbòmíràn. Garawa tó kún ní ìṣẹ́jú kan túmọ̀ sí lítà 10 ní ìṣẹ́jú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹlòmíràn ṣí omi nìkan ló ń falẹ̀, páìpù tí wọ́n jọ ń pín lọ̀rọ̀ kàn. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń falẹ̀, ó ṣeé ṣe kí nǹkan dí níbì kan.

Àtúnṣe tí mo fẹ́ràn jù kò ná wa ní ohunkóhun. Bàbá yí fáàfù kékeré tó wà nídìí agbada ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n pa á dé díẹ̀, kì í ṣe tán. Agbada ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó kún, ṣùgbọ́n ta ló ń dúró dè é? Omi tó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà ti dín kù, ṣáwà ò sì mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹnìkan bá ń ka èyí, tí kò sì ní ṣe ohun mìíràn, kó ṣe ìyẹn.

Iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ ni páìpù. Tẹ́lẹ̀, páìpù omi tútù kan ṣoṣo, tí ihò rẹ̀ jẹ́ ìdajì ínṣì, ló ń ti táǹkì bọ̀: ó bọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó bọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó bọ́ ọpọ́n ìfọwọ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ti ṣáwà. A fún ṣáwà ní páìpù tirẹ̀ láti ìdí táǹkì, tó fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì. Ìyàtọ̀ méjèèjì kéré lójú, ṣùgbọ́n nínú páìpù, bí ihò bá fẹ̀ ní ìdajì sí i, agbára tí omi iye kan náà ń pàdánù sójú ọ̀nà á dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po méje. Bàbá sì yẹra fún ìgbọ̀nwọ́ bí wọ́n ṣe lè ṣe tó, torí gbogbo ibi tí omi bá ti yà kọ́rọ́ ló ti ń san owó ibodè.

Mo bi wọ́n léèrè bóyá ká kúkú gbé táǹkì sókè sí i. Wọ́n ní ó dára, mítà kan á fi 0.1 bar kún un, ìdajì ohun tí a ní nìyẹn. Wọ́n wá bi mí léèrè bóyá mo mọ̀ pé lítà 1,000 omi jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Mi ò tún sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ mọ́.

Míkísà, pọ́ǹpù, àti ohun tí wọn ò lè ṣe

Oríṣi míkísà méjì ló wà tí wọ́n ń tà fún ìṣòro yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ń wo agbára omi: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹ̀, á fún èkejì pa kí wọ́n lè dọ́gba. Ooru á dúró, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi agbára kankan kún omi. Ẹni tó lágbára ló ń rẹ̀ sílẹ̀. Nílé tí omi ò ti lágbára tẹ́lẹ̀, ohun tó máa ń ṣẹ́ kù ò ju ìkántótó lọ. Èkejì, thermostatic, ń wo ooru gan-an. Ìda kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń wú bí omi bá gbóná, tó sì máa ń súnkì bí omi bá tutù, wíwú àti sísúnkì yẹn ló ń sún fáàfù inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Èyí tó bá dára á pa omi gbígbóná dé bí omi tútù bá já pátápátá, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kò yẹ kó ṣàìsí nílé tí arúgbó tàbí ọmọdé bá wà.

Ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ agbára díẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lórí àtẹ ń fẹ́ ó kéré tán ìdajì bar tàbí bar kan. Ní Yúróòpù, ìlànà ìṣe ọjà tí wọ́n ń pè ní EN 1111 ni ti àwọn tó wà fún omi tó lágbára, EN 1287 sì wà fún àwọn tí omi wọn kéré. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tó ń tajà kì í sọ: ó yẹ kí omi tútù àti gbígbóná ti orísun kan náà wá. Ilé tí omi tútù rẹ̀ ń ti páìpù ìjọba wá pẹ̀lú bar 3, tí gbígbóná sì ń ti orí táǹkì wá pẹ̀lú 0.2, tútù á máa ti gbígbóná padà sínú páìpù rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi kan tí kò yẹ kó jẹ́ tútù tàbí kò yẹ kó lọ́wọ́ọ́wọ́, tó sì ń ṣe é, ó ṣeé ṣe kí omi kan ti máa gba inú míkísà wọnú páìpù èkejì. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ló ń dá èyí dúró.

Ní ti pọ́ǹpù, ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Kìkì pé kó ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí èyí tó bá ti tútù nìkan á tún ba ìwọ̀n jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó sì ní táǹkì afẹ́fẹ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa tàn á máa kú, omi náà á sì máa bá a gbóná, á máa bá a tutù. Ẹ má sì so ó mọ́ páìpù ìjọba tààrà láìbéèrè. Níbi púpọ̀, òfin ò gbà á, torí ó lè fa omi mọ́ aládùúgbò lọ́wọ́, ó sì lè fa ìdọ̀tí wọ inú páìpù tó bá jò.

Dídín hítà kù

Ẹnìkan nínú ilé dá a lábàá pé ká kúkú dín hítà kù sí 42°C, kí omi má lè jó ẹnikẹ́ni láé. Ó jọ ọgbọ́n. Kókòrò Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó le, ń gbilẹ̀ nínú omi tó wà láàárín 20°C sí 45°C, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí omi inú hítà alágbada wà ní 60°C. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni 60°C kì í ṣe ohun eré. Àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà sọ pé omi tó tó ìwọ̀n yẹn lè jó àgbàlagbà gidigidi láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6. Bó bá tó nǹkan bí 66°C, ìṣẹ́jú àáyá 2 ti tó. Awọ ọmọdé tún fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí hítà gbóná bó ṣe yẹ, kí míkísà sì jẹ́ ibi tí a ti ń tù ú lójú kó tó kan ara. Ohun tí àwa ṣe náà nìyẹn: hítà wà ní 60, míkísà thermostatic tó gba omi tí kò lágbára sì wà lára ògiri, èyí tí bàbá fúnra wọn wá ṣètò ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Èyí tó kù

Kò tíì pé. Bí ẹnìkan bá ṣí omi gbígbóná nílé ìdáná, ṣáwà ṣì ń tutù díẹ̀, nítorí pé páìpù gbígbóná ò yí padà. Páìpù kan ló ṣì ń bọ́ méjèèjì. Mo bi bàbá léèrè. Wọ́n ní abẹ́ táìsì ilẹ̀ ló gbà, láti ẹ̀yìn hítà títí dé balùwẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ á fọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò ó títí. Omi tó tutù lójijì ń bíni nínú, kò ṣeni léṣe, owó táìsì sì ju owó páìpù lọ fíìfíì. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìgbà yòówù kí nǹkan mìíràn mú wa fọ́ ilẹ̀ yẹn, a ó fi páìpù tó fẹ̀ sí i sábẹ́ rẹ̀.